Kábírátọ̀ fún mótò onísílíńdà méjì tàbí mẹ́rin: bí ẹ ṣe lè yan èyí tó máa bá ẹ́ńjìnnì yín mu

Ẹ̀yin ará mi, mo fẹ́ kọ èyí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan torí ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹni tó bá ti ní mótò ńlá ẹlẹ́sẹ̀ méjì àtijọ́, Honda CB, Kawasaki Z, Suzuki GS, Yamaha XS, àwọn tó ń bá kọ̀ǹténà wọlé láti Yúróòpù dé Kùtọnú yẹn, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kábírátọ̀, ohun tó ń po bẹ́ńsìn mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, á bẹ̀rẹ̀ wàhálà, á máa da bẹ́ńsìn sílẹ̀, sílíńdà kan á kọ̀, kò ní ṣiṣẹ́, ẹni àkọ́kọ́ tó bá sì kọjá lẹ́bàá ọ̀nà á ní "ẹ lọ ra kábírátọ̀ tuntun jàre". Èwo ni tuntun? Ti mótò wo? Mẹ́rin ni àbí ọ̀kan? Ibẹ̀ ni owó ti ń wọ inú ihò.

Mótò tí àwọn zémìjan, àwọn ọlọ́kadà, ń gùn, sílíńdà kan, kábírátọ̀ kan. Tó bá bàjẹ́ ẹ lọ sí ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́ níbí, ẹ ra òmíràn, ẹ dè é, ẹ yí vísì ràlàǹtí (bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń rọra ṣiṣẹ́ nígbà tí mótò dúró) díẹ̀, ó parí. Ti wa kò rí bẹ́ẹ̀ o. Honda CB750 tó jáde ní 1969, sílíńdà mẹ́rin ló ní, kábírátọ̀ Keihin mẹ́rin, ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ọ̀fun wọn jẹ́ mìlímítà 28. Kawasaki Z1 tó jáde ní 1972, kábírátọ̀ Mikuni VM28 mẹ́rin ló gbé. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì fún ẹ́ńjìnnì ní ìwọ̀n bẹ́ńsìn kan náà, bí èèyàn mẹ́rin tó jọ gbé igi àjà, tí ẹnì kan bá fà sẹ́yìn èjìká àwọn mẹ́ta yòókù ló máa bó. Torí náà ohun tí à ń wá ni èyí tó bá ara wọn mu tó sì bá ẹ́ńjìnnì mu. Títóbi àti dídán, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná.

Ẹ má tíì mú owó jáde. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé kábírátọ̀ ló ń ṣe é lóòótọ́. Tí ẹ bá fẹ́ mọ sílíńdà tó kú, ẹ tan mótò nígbà tó tutù, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá fi ìka kán omi sórí páìpù èéfín kọ̀ọ̀kan níbi tó ti jáde lára ẹ́ńjìnnì. Mẹ́ta á ṣe ṣíìì, omi á gbẹ lójú ẹsẹ̀, ìkẹrin omi á kàn máa ṣàn lọ. Ìyẹn lẹ̀ ń wá. Ẹ wo bùjí rẹ̀, èyí tó ń dá iná sínú sílíńdà, ẹ wò ó bóyá iná ń wá, ẹ wọn àlàfo súpáàpù (fáàfù), ẹ wọn kọ̀mpùrésọ́ọ̀n, bí sílíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà ẹ wo rọ́bà tó so kábírátọ̀ mọ́ orí ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà yẹn ti lé ní ogójì ọdún lórí ọ̀pọ̀ mótò wọ̀nyí, ooru ti jẹ ẹ́, ó ti le bí igi, ó ti sán láti abẹ́ níbi tí ojú kò dé. Ẹ fi ike tí wọ́n fi ń fín omi sí aṣọ fín omi sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà lórí ràlàǹtí. Tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbẹ̀ nìyẹn. Mo ti rí mótò méjì báyìí tí wọ́n ti na owó lé kábírátọ̀ lórí, tó jẹ́ pé rọ́bà mẹ́rin ni gbogbo àìsàn wọn.

Tó bá wá jẹ́ kábírátọ̀ ni lóòótọ́, èrò tèmi, tí n kò ní yí padà: èyí tí mótò yín bá wá láti ilé iṣẹ́ ni ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti tún ṣe. Àwọn tó ṣe é ló mọ ẹ́ńjìnnì yẹn, wọ́n ti wọn ihò rẹ̀, wọ́n ti yan abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ tó ń wọn bẹ́ńsìn, ẹ ò ní ṣe ìwádìí kankan mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ìdọ̀tí lásán ni. Jìkílọ̀ ràlàǹtí (jìkílọ̀ ni idẹ kékeré oníhò tí bẹ́ńsìn ń gbà kọjá), ihò rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, mótò tó bá sì dúró oṣù mẹ́ta pẹ̀lú bẹ́ńsìn nínú, bẹ́ńsìn á gbẹ, á di bí oje igi, á dí i pa. Ẹ rẹ ẹ́ sínú ògùn ìfọ-kábírátọ̀, ẹ fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpùrésọ̀ fẹ́ ẹ, ẹ gbé e sókè kọjú sí oòrùn kí ẹ rí ìmọ́lẹ̀ yípo ní kíkún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí wáyà irin gún un, idẹ rọ̀, ihò á fẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa dá a padà. Tí ẹ bá ra kíìtì àtúnṣe, ẹ lo òrùka rọ́bà àti abẹ́rẹ́ tó ń dí bẹ́ńsìn tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n jìkílọ̀ àtijọ́ tí kò bá bàjẹ́, ẹ dá a padà síbi tó wà, ti inú kíìtì kì í fi bẹ́ẹ̀ pé ìwọ̀n. Nǹkan kékeré kan tún wà tó ti ba kábírátọ̀ púpọ̀ jẹ́ nílùú wa: orí vísì ti Japan jọ ti àgbélébùú lásán, kì í ṣe ọ̀kan náà, JIS ni wọ́n ń pè é, ẹ bá wọn wá túnàfíìsì JIS, tí ẹ bá fi èyí tó wà lọ́wọ́ tú u orí vísì á jẹ pátápátá, ẹ ó wá máa fi lílù àti lílu ihò parí iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan.

Ìgbà wo ló wá kú tán? Nígbà tí ara rẹ̀ bá sán, tàbí òpó kékeré méjì tó di flótà, ohun tó ń léfòó lórí bẹ́ńsìn inú rẹ̀, mú bá ti kán, tàbí tí omi inú bẹ́ńsìn ti jẹ inú rẹ̀ di funfun bí ẹfun tí ihò inú ara rẹ̀ sì ti dí tí ògùn ò ràn án, tàbí tí ọ̀pá tó gbé ìlẹ̀kùn, èyí tó ń ṣí ọ̀fun tó sì ń tì í, bá ti ń mì jìgìjìgì. Nígbà yẹn ẹ lè wá òmíràn.

Òkàsíọ̀n, ìyẹn àlòkù, tó jẹ́ ti mótò kan náà, ọdún kan náà, òun ni mo máa ń sọ fún èèyàn kó wá. Ọdún ṣe pàtàkì, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní CB750, ṣùgbọ́n láti 1969 títí dé 1976 irú kan náà ni, tí kébù ń fa ìlẹ̀kùn sókè, ní 1977 wọ́n pa kábírátọ̀ dà, wọ́n fi pọ́ǹpù kékeré sí i tó ń tú bẹ́ńsìn nígbà tí ẹ bá yí ọwọ́ lójijì, nígbà tó di 1979 ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ di tuntun, kábírátọ̀ rẹ̀ náà sì di èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbé ìlẹ̀kùn rẹ̀. Yamaha XS650 onísílíńdà méjì náà bẹ́ẹ̀, títí dé 1979 Mikuni BS38 ni, láti 1980 wọ́n fi BS34 sí i. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n tẹ̀ sí ara kábírátọ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé.

Ohun tó ṣe mí rèé. Mótò mi jẹ́ CB750 ti 1975. Mo ra kábírátọ̀ mẹ́rin òkàsíọ̀n lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni kan, ó ti nù wọ́n mọ́ tónítóní, ó ti kùn wọ́n ní ọ̀dà fàdákà, inú mi dùn, mi ò tú ìkankan wò. Mo dè é, mótò dún dáadáa, ọjọ́ Sátidé mo gbéra lọ sí Kétu. Nígbà tí mò ń bọ̀, mo ti kọjá Pọbẹ̀, mò ń sún mọ́ Ṣakété, mo gbọ́ kìrìkìrì kan lábẹ́ tánkì bí ẹni ń gbọn òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, èéfín funfun tú jáde, agbára lọ. Nígbà tí a ṣí i, písítọ̀nù kẹta ti jó lu, ihò tó lè gba ìka ọmọdé. Jìkílọ̀ ńlá mẹ́ta jẹ́ 105, ti ẹ̀kẹta yẹn jẹ́ 90. Ẹni tó kó wọn jọ mú mẹ́ta láti ara mótò kan, ó mú ọ̀kan láti ara òmíràn, ọ̀dà ló fi bò ó. Sílíńdà kẹta kò rí bẹ́ńsìn tó, ó gbóná, ó yọ́. Ìṣẹ́jú ogún tí ǹ bá fi ṣí àwo abẹ́ kábírátọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò ni mo fi oṣù mẹ́rin àìgun mótò san.

Torí náà tí ẹ bá ń ra òkàsíọ̀n, ẹ tú u lójú ẹni tó ń tà á. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹ tú u, ẹ kí i, ẹ máa lọ. Ẹ ka nọ́ńbà orí jìkílọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n kéré gan-an, ẹ fi kámẹ́rà fóònù sún wọn mọ́ra. Ẹ fa ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan jáde, ẹ fi èékánná ra ara rẹ̀, ibi tí èékánná bá ti kọ́ ti jẹ nìyẹn. Tó bá jẹ́ irú tí afẹ́fẹ́ ń gbé ìlẹ̀kùn rẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní "à dépression", tí wọ́n ń kọ CV fún nínú ìwé, awọ rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà lókè rẹ̀, ẹ nà á díẹ̀ kọjú sí oòrùn, ihò tó bá tó orí abẹ́rẹ́ péré ti tó láti sọ ọ́ di aláìwúlò, awọ náà sì wọ́n. Ẹ di ọ̀pá tó gba àárín wọn kọjá mú, ẹ gbìyànjú láti mì ín sókè sódò. Ẹ tún gbọn flótà létí, tí ẹ bá gbọ́ bẹ́ńsìn nínú rẹ̀ ó ti lu.

Ó kù àwọn tuntun tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ mótò: Mikuni VM, Keihin CR, Mikuni RS. Wọ́n dára, mi ò ní parọ́. VM rọrùn, ìlẹ̀kùn róbótó tí kébù ń fà, jìkílọ̀ rẹ̀ kò ṣòro láti rí, àwọn tó ní XS650 fẹ́ràn VM34 méjì gan-an, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. CR ń jẹ́ kí mótò dáhùn bí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́. RS ìlẹ̀kùn rẹ̀ pẹlẹbẹ, ọlọ́fun mìlímítà 34, 36, 38 ló wà, ó ní pọ́ǹpù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé inú páálí kọ́ ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ lórí mótò yín. Ẹ ó ra jìkílọ̀ oríṣiríṣi, ẹ ó máa gbìyànjú, ẹ ó máa tú, ẹ ó máa dè. Tí ẹ ò bá ní àkókò yẹn, tí ẹ ò sì ní ẹni tó máa bá yín mú jìkílọ̀ bọ̀ láti òkè òkun, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìwọ̀n ńkọ́? Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Ṣábẹ̀ẹ́ bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé tí mo bá fi 38 sí CB mi kò ní sáré ju 28 lọ ni?" Àbúrò, á lọ́ra sí i ni. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ yára kọjá nínú ọ̀fun kábírátọ̀ kó tó lè fa bẹ́ńsìn sókè, tí ọ̀fun bá fẹ̀ jù afẹ́fẹ́ á máa rìn gbẹ̀rẹ́, bẹ́ńsìn á wọlé ní ẹ̀kán ńlá ńlá, tí ẹ bá yí ọwọ́ ẹ́ńjìnnì á ṣe "bọ̀ọ̀ọ̀" bí ẹni pé ó fẹ́ kú, kó tó jí. Ó lè dára ní orí eré tó le jù, ṣùgbọ́n ta ló ń sá eré bẹ́ẹ̀ láàárín Wàǹdó sí Àjàrá? Honda fún CB500 rẹ̀ onísílíńdà mẹ́rin ní mìlímítà 22 péré ní 1971. Yamaha fúnra rẹ̀ dín ti XS650 kù láti 38 sí 34. Tí ẹ bá fẹ́ kúrò lórí ìwọ̀n ilé iṣẹ́, mìlímítà kan tàbí méjì ti tó.

Mo fẹ́ dúró lórí ọ̀rọ̀ fílítà torí àwọn ọ̀dọ́ ń yọ àpótí afẹ́fẹ́ dànù kí mótò lè rí ṣóńṣó. Wọ́n á fi fílítà kékeré onírìísí agolo mẹ́rin sí ìdí kábírátọ̀. Lórí irú tí kébù ń fa ìlẹ̀kùn rẹ̀, ó ṣeé ṣe, ẹ ó kàn fi jìkílọ̀ tó tóbi sí i ni. Lórí CV, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dán an wò. Ìtẹ̀sí afẹ́fẹ́ ló ń gbé ìlẹ̀kùn ti CV sókè, inú àpótí yẹn ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ń parọ́rọ́, tí ẹ bá yọ ọ́ afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ á máa dà á láàmú, mótò á máa kọsẹ̀ láàárín ọ̀nà, ẹ ó pààrọ̀ jìkílọ̀ títí yóò fi sú yín. Ẹ tún rántí ibi tí à ń gbé. Nígbà ọyẹ́, tí ẹ bá kúrò lórí títì ọlọ́dà lápá Kétu, eruku pupa yẹn máa ń wọ inú àpò tí ẹ ti fà síìpù rẹ̀. Fílítà olówó pọ́ọ́kú á jẹ́ kó kọjá, eruku á lọ máa ha ògiri sílíńdà. Àpótí ilé iṣẹ́ ni tèmi wà lórí, ibẹ̀ ló sì máa wà.

Kábírátọ̀ kan fún sílíńdà méjì: ó ṣeé ṣe, páìpù kan tó yà sí méjì wà fún un, ó rọrùn láti tọ́jú, kò sí ìbáramu tí ẹ ń wá mọ́. Ẹ ó pàdánù agbára díẹ̀ lókè. Fún ẹni tó ń lo XS650 lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, mo lè gbà á. Kan fún mẹ́rin, rárá o, sílíńdà tó wà ní ìkángun méjèèjì jìnnà jù, bẹ́ńsìn ò ní dé ọ̀dọ̀ wọn bákan náà.

Kí ẹ tó sanwó fún èyíkéyìí, ẹ mú rúlà oníka (kálípà) lọ́wọ́. Ẹ wọn ẹnu kábírátọ̀ tó ń wọ rọ́bà ní ìta rẹ̀, ẹ wọn inú rọ́bà yín. Ẹ wọn láti àárín ọ̀fun kan sí àárín èkejì, torí bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe tò sí ara irin kan yẹn gbọ́dọ̀ bá bí ihò orí ẹ́ńjìnnì ṣe tò mu, ti Kawasaki kì í bọ́ sórí Honda bẹ́ẹ̀. Ẹ wọn ẹ̀yìn rẹ̀ dé àpótí afẹ́fẹ́. Ẹ wo kébù: àwọn kan ń lo kébù kan, àwọn kan méjì, ọ̀kan ń ṣí, ọ̀kan ń tì. Ẹ wo bóyá á kan irin tánkì tàbí mọ́tò kékeré tó ń tan ẹ́ńjìnnì tí ẹ bá dè é tán.

Jìkílọ̀ wá. Nọ́ńbà Keihin àti ti Mikuni kì í ṣe ìwọ̀n kan náà, 110 ti Keihin jẹ́ ihò mìlímítà 1.10, ti Mikuni olórí igun mẹ́fà, iye bẹ́ńsìn tó ń kọjá ni wọ́n fi ń kà á, torí náà ẹ má gbé nọ́ńbà láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí ọ̀dọ̀ èkejì. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ọwọ́ tí ẹ ń yí: láti títì dé ìdá kan nínú mẹ́jọ, jìkílọ̀ ràlàǹtí ló ń ṣiṣẹ́ jù, láti ibẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́rin, bí wọ́n ṣe gé abẹ́ ìlẹ̀kùn, láti ìdá kan nínú mẹ́rin dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, abẹ́rẹ́, láti ibẹ̀ dé ṣíṣí tán, jìkílọ̀ ńlá. Ibi tí mótò bá ti ń kọsẹ̀ ló ń sọ èyí tí ẹ máa pààrọ̀ fún yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí bẹ́ńsìn púpọ̀, kí ẹ máa dín in kù, torí bẹ́ńsìn púpọ̀ ń dọ̀tí bùjí lásán, bẹ́ńsìn kékeré ń jó písítọ̀nù, èmi lẹ ó bi. Vísì kékeré ẹ̀gbẹ́ ńkọ́: tó bá wà lápá fílítà, afẹ́fẹ́ ló ń darí, ẹ tú u síta bẹ́ńsìn á dínkù, tó bá wà lápá ẹ́ńjìnnì, bẹ́ńsìn ló ń darí, ẹ tú u síta á pọ̀ sí i. Èyí ń da àwọn àgbà mẹkáníìkì pàápàá láàmú.

Kí ẹ tó gbé e sórí mótò, ẹ mú wọn dọ́gba lórí tábìlì. Pátírọ́ọ̀n tó ń bá mi tún mótò ṣe nílùú Àjàṣẹ́ níbí máa ń lo sípóòkù kẹ̀kẹ́ kan. Ó máa tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí àpò, á ki sípóòkù sábẹ́ ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́, á yí vísì rẹ̀ títí ìlẹ̀kùn á fi rọra di sípóòkù mú, kí ó lè fà á jáde pẹ̀lú agbára díẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń fa okùn òwú láàárín eyín. Á ṣe bẹ́ẹ̀ sí èkejì, sí ẹ̀kẹta, sí ẹ̀kẹrin, á tún padà sí àkọ́kọ́, á di ojú rẹ̀, á máa fi ọwọ́ nìkan gbọ́ ọ. Ìdajì wákàtí ni, mótò á sì dún ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn tó bá ti gbóná ni ẹ ó wá lo ago mẹ́rin tó ń wọn bí sílíńdà ṣe ń fa afẹ́fẹ́, ẹ yí wọn títí ìyàtọ̀ kò fi ní ju sẹ̀ńtímítà mẹ́kúrì 2 lọ. Lórí ọ̀pọ̀ CV mẹ́rin, vísì mẹ́ta ló wà, kábírátọ̀ tí kò ní vísì ni baba, àwọn yòókù ló ń bá a dọ́gba. Ẹ gbé fáànù ńlá síwájú ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ ló ń tu ú, nínú ooru wa yìí kò yẹ kó dúró lójú kan pẹ́.

Bẹ́ńsìn náà: kpayo, bẹ́ńsìn inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, ń wá pẹ̀lú omi àti ìyẹ̀pẹ̀, gbogbo wa la mọ̀. Ẹ fi fílítà sí ojú páìpù, ṣùgbọ́n kó jẹ́ irú tí wọ́n ṣe fún bẹ́ńsìn tó ń ṣàn fúnra rẹ̀ láti tánkì, èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tó ní pọ́ǹpù bẹ́ńsìn há jù, òùngbẹ bẹ́ńsìn á máa gbẹ mótò yín lórí eré.

Tí ẹ bá dè é tán, ẹ gùn ún lọ sí Àjàrá, ẹ mú eré kan náà fún ìgbà díẹ̀, ẹ di kílọ́ọ̀ṣì mú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú eré yẹn gan-an, kí ẹ yà sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ tú bùjí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tò wọ́n sórí aṣọ funfun ní bí sílíńdà wọn ṣe tò. Àwọ̀ ẹ̀pà yíyan lẹ̀ ń fẹ́. Dúdú bí èédú, bẹ́ńsìn pọ̀. Funfun bí egungun, ẹ má gùn ún mọ́, ẹ tì í dé ilé.